Mú Ọ̀bẹ Kí O Tó Sọ̀rọ̀

Inú kòtò omi ẹ̀gẹ́ ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú abẹ́ páànù tí àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ̀wù rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ funfun, ó fi bánà kan tí wọ́n ká bí ẹní há abíyá, ó sì ń rẹ́rìn-ín káàkiri bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Kò wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wọ kòtò tí omi kíkan ń ṣàn sí láti ìdí jáàkì tí wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́, ó sì rì dé orókún.

Àdìjátù, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ mì, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tó kù tẹ̀lé e. Àwáwù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti rí bánà yẹn ni inú ti ń bí i.

Bánà mẹ́ta ló ti wọ abúlé Aláyin kó tó di ọjọ́ náà. Àwọn tó gbé àkọ́kọ́ wá ya àwòrán àwọn arúgbó, wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀, wọn ò padà. Àwọn tó gbé èkejì wá gba ohùn Ìyá Mọ́nsúrù sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì, wọ́n jẹ iṣu rẹ̀, wọ́n lọ. Ẹ̀kẹta ni wọ́n fi ń bo gàrí báyìí kí eruku ọyẹ́ má bàa wọ̀ ọ́. Ó wúlò ju àwọn tó gbé e wá lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa," ni ọkùnrin náà wí, ó ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, òun náà sì ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Abọ́dúnrìn ni orúkọ mi. Ọmọ Kíṣí ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe ìrànwọ́ fún àwọn ìlú kéékèèké, kí ìmọ̀ àti ìrírí àwọn ará ìlú lè di orísun ìmọ́lẹ̀ tí yóò—"

"Ọ̀bẹ yín dà?" ni Àwáwù bi í.

"Ọ̀bẹ kẹ̀?"

"Jókòó, ọmọ Kíṣí," ni Ìyá Mọ́nsúrù wí láti orí àpótí rẹ̀. Ìyá àgbà Àwáwù ni, òun ló bí ìyá rẹ̀, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. "Níbí, ẹni tí kò bá bó ẹ̀gẹ́ kì í sọ̀rọ̀."

Òun ló dá òfin náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ọjà Ìwéré-Ilé, gbogbo obìnrin Aláyin máa ń kó ẹ̀gẹ́ wọn wá sábẹ́ páànù rẹ̀, wọn á jókòó yípo, wọn á máa bó o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ìtàn ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jiyàn: ta ló ni ilẹ̀ tí màlúù ń jẹ̀, ṣé ó yẹ kí ọmọ fi ìyá sílẹ̀ lọ sí òkè òkun, kí ni kí a ṣe sí ẹni tó bú òkú. Ọkùnrin tó bá fẹ́ wá lè wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ la ẹnu, kó mú ọ̀bẹ kó mú ẹ̀gẹ́. Ìyá Mọ́nsúrù ní ọ̀rọ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kì í gùn ju bó ti yẹ lọ, irọ́ inú rẹ̀ kì í sì í pọ̀, torí ẹni tó bá ń ro irọ́ lọ́wọ́ yóò gé ara rẹ̀.

Abọ́dúnrìn wo ẹ̀wù funfun rẹ̀. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó jókòó sórí àpò òfìfo, ó gba ọ̀bẹ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dé ibi "ìdàgbàsókè alálòpẹ́" ni ọ̀bẹ bá gé e ní àtàǹpàkò.

"Ẹ ò rí i?" ni Àdìjátù wí. "Irọ́ ni."

Àwáwù ló dìde. Ó fi omi mímọ́ ṣan ọgbẹ́ náà, ó ya etí ìborùn àtijọ́ kan, ó fi dì í. Kò rọra dì í. "Ẹ sọ ọ́ bí ènìyàn," ó wí. "Kí lẹ wá ṣe?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. "Mo gbọ́ pé ẹ máa ń jókòó sọ̀rọ̀ níbí. Mo wá gbọ́."

"Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀," ni Àwáwù wí. Ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó ti rí i pé ọkùnrin náà rẹwà, ó ti rí i pé wọ́n fi í ṣẹ̀sín kò sì bínú, ìyẹn gan-an tún bí i nínú.

Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé kan ni Àwáwù. Ó wà ní ìwé karùn-ún nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, kò sì padà sí ilé ìwé mọ́. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di àkàrà ló fi kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà. Á jẹ àkàrà, á nu epo kúrò lára ìwé, á kà á. Nígbà tó yá, ó ra ìwé ìkọ̀wé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí àwọn ìyá ń sọ lábẹ́ páànù sílẹ̀: ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti ẹni tó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin méjì ti wá fẹ́ ẹ. Ọ̀kan ní ojú rẹ̀ dà bí òṣùpá, Àwáwù ní kó lọ fẹ́ òṣùpá. Èkejì ní kò sí ohun tí òun ò lè ṣe fún un, Àwáwù ní kó ran òun gbé àpò gàrí kan, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Abọ́dúnrìn padà wá ní ọjà tó tẹ̀lé e. Kò wọ funfun mọ́. Ó tún padà wá. Ó gba yàrá kékeré kan sí Ìwéré-Ilé, gbogbo ọjọ́ kejì ọjà ló sì ń gun ọ̀kadà wá sí Aláyin. Èèpo tó ń bó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí Àdìjátù fi ní kí wọ́n máa kó o fún àwọn ewúrẹ́ òun, pé ọkùnrin yẹn ń bọ́ wọn dáadáa. Nígbà tó di oṣù kejì, èèpo náà ti fẹ́lẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á béèrè nǹkan: "Ta ló wà níbẹ̀?" "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Àwáwù kíyè sí i pé tí ó bá ti béèrè, ó máa ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Àwọn tó gbé bánà wá kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Abọ́dúnrìn bá a gbé korobá lọ sí kànga.

"Àwáwù," ó wí lójú ọ̀nà, "ojú rẹ dà bí—"

"Má fi mí wé nǹkan kan."

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Sọ ohun tí o rí."

Ó dúró, ó wò ó. "Mo rí obìnrin tí ẹ̀gẹ́ ta sí ìpéǹpéjú rẹ̀, tí kò sì mọ̀."

Àwáwù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Abọ́dúnrìn rí eyín rẹ̀. "Ìyẹn dáa," ó wí. "Ìyẹn, mo gbà á."

Wọ́n dé ìdí kànga. Lára ògiri rẹ̀, wọ́n fi símẹ́ńtì kọ ọ́ pé: OLÓYÈ ÀDÌGÚN LÓ GBẸ́ KÀNGA YÌÍ.

"Irọ́ ni," ni Àwáwù wí. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Wá lọ́jọ́ kejì ọjà. Màá ní kí Ìyá àgbà sọ ọ́."

Ìyá Mọ́nsúrù sọ ọ́, ọ̀bẹ rẹ̀ ò sì dúró. Ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, odò gbẹ. Àwọn ọkùnrin Aláyin ń jà lórí ilẹ̀ ẹni tí kànga máa wà, wọ́n fi ìjà náà ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ méjì ti kú. Ni obìnrin mẹ́tàdínlógún bá dìde ní ìdájí, wọ́n gbé ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ kẹwàá, ilẹ̀ ya lu ẹni tó wà nísàlẹ̀, ó kú. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n sin ín, wọ́n sì padà sínú kòtò, torí òùngbẹ ò mọ ọ̀fọ̀. Nígbà tí omi ti jáde ni Àdìgún ra símẹ́ńtì, tí ó mọ ògiri yí i ká, tí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ìyá Mọ́nsúrù ka orúkọ àwọn mẹ́tàdínlógún náà. Òun nìkan ló kù nínú wọn. Àwáwù kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ojú ewé kan gbáko. Gbolóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé: "Kì í ṣe Àdìgún ló gbẹ́ kànga."

"Mo fẹ́ gbọ́ kí wọ́n kà á síta kí n tó lọ," ni Ìyá Mọ́nsúrù wí. "Orúkọ wọn. Kò sí ohun mìíràn tí mo ń wá."

Ọjọ́ yẹn ni Abọ́dúnrìn béèrè ìwé náà. Ilé-iṣẹ́ òun lè tẹ̀ ẹ́ jáde, ó wí, wọ́n sì lè tún abẹ́ páànù ṣe, kí òjò má máa tú ìjókòó náà ká. Àwáwù mú ìwé náà sáyà fún ìgbà díẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó bá a gbé e rí.

"Tí o bá sọ ọ́ nù, má padà wá."

"Tó bá sọnù, èmi náà á sọnù pẹ̀lú—"

"Abọ́dúnrìn."

"Mi ò ní sọ ọ́ nù."

"Ó dáa." Ó gbé e fún un. Ọwọ́ wọn kan ara, kò sì tètè mú tirẹ̀ kúrò.

Òjò ti rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti yọ, kí ìwé ìpè tó dé. Gbọ̀ngàn ilé ìwé ní Ìwéré-Ilé ni wọ́n pè wọ́n sí. Abọ́dúnrìn wà ní Ìbàdàn ní gbogbo ìgbà yẹn, ó kàn ń pè lórí fóònù ni, pé nǹkan ń lọ dáadáa. Àwọn obìnrin Aláyin wọ aṣọ ọdún, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì kékeré lọ. Wọ́n bá àga rọ́bà funfun tí wọ́n tò ní ìlà ìlà. Wọ́n bá bánà tó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Wọ́n bá Olóyè Oyèlékè, ọmọ Àdìgún, nídìí tábìlì níwájú, wọ́n ti fi í ṣe alága ìgbìmọ̀.

Kò sí ẹ̀gẹ́. Kò sí ọ̀bẹ. Àwọn obìnrin náà jókòó, wọ́n ń wo ẹ̀yìn orí ara wọn, wọ́n kó ọwọ́ lé itan bí ẹni tó wá kí òkú. Oyèlékè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó ní ìtàn ni dígí ìlú, ó ní àṣà ni gbòǹgbò, ó ní obìnrin ni òpó ilé. Ọ̀gá Abọ́dúnrìn sọ irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé gbohùngbohùn fún Ìyá Mọ́nsúrù.

Ìyá àgbà wò ó, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọwọ́ mi ò mú nǹkan kan," ó wí. Ó dá a padà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé àdúrà ni.

Wọ́n wá pín ìwé náà. Ó ń dán, àwòrán Oyèlékè wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwáwù ṣí i sí ibi kànga, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kó má bàa jẹ́ pé ojú ló ń tàn án. Wọ́n kọ ọ́ pé Olóyè Àdìgún ló gbẹ́ kànga náà "pẹ̀lú àtìlẹ́yìn àwọn ìyá wa ọ̀wọ́n". Orúkọ kan ò sí níbẹ̀. Orúkọ Ìyá Mọ́nsúrù ò sí nínú ìwé náà láti páálí dé páálí. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúnrìn fún iṣẹ́ takuntakun.

Àwáwù dìde. Ìyá àgbà di aṣọ rẹ̀ mú.

"Kì í ṣe níbí," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Jẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ wá sábẹ́ páànù. Jẹ́ kó mú ọ̀bẹ."

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń jáde, páálí ìwé méjì tó ṣẹ́kù wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwáwù gbé ọ̀kan lérí, Àdìjátù gbé èkejì, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ní ọjọ́ kejì, Abọ́dúnrìn bá Àwáwù níwájú agbada, ó ń yan gàrí. Ìwé náà ni Àwáwù fi ń dá iná. Á fa ojú ewé mẹ́wàá ya, á rún un, á kì í sábẹ́ agbada.

"Ó ń jó dáadáa," ó wí, kò gbójú sókè. "Ọ̀rọ̀ dídùn máa ń jó. Epo wà nínú rẹ̀."

"Àwáwù, mi ò kọ ohun tó wà níbẹ̀ yẹn. Mo tẹ gbogbo ìwé rẹ bó ṣe rí. Kí wọ́n tó gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé, mo ní ó yẹ kí Olóyè Oyèlékè fojú kàn án, torí ìlú rẹ̀ ni, àgbà sì ni. A kì í fi àgbà sẹ́yìn. Mi ò mọ̀ pé ó máa mú bírò."

"O ò mọ̀."

"Ìwé rẹ gan-an ni mo gbé fún un, kó lè rí i pé òótọ́ ni. Ó fi bírò pa gbogbo ojú ewé yẹn rẹ́. Ọ̀gá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Mi ò kà á mọ́ kó tó di títẹ̀."

Àwáwù gbé igbá tó fi ń yí gàrí sílẹ̀. "Ìwé mi wà lọ́wọ́ Oyèlékè?"

Abọ́dúnrìn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọlọ́ṣà lásán sàn jù ọ́ lọ," ó wí. Ohùn rẹ̀ ò ga. "Ọlọ́ṣà á wá lóru, á jí i, màá mọ̀ pé wọ́n jà mí lólè. Ìwọ jókòó tì wá fún oṣù mẹ́rin. O jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. O kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ kí o lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ. Ìyá àgbà mi ní ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé, o mú un fún ọmọ ẹni tó kọ́kọ́ jí i, o tún kúnlẹ̀ gbé e fún un, torí pé àgbà ni. Ṣé Ìyá àgbà kì í ṣe àgbà ni? Àbí ẹni tó bá ní àga níwájú nìkan ni àgbà?"

"Kí ni kí n ṣe?"

"Lọ."

Ó lọ.

Ọjà mẹ́fà kọjá. Ìyá Mọ́nsúrù ò jáde sábẹ́ páànù mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, oúnjẹ ò wọ ẹnu rẹ̀, ó kàn ń sùn, ó ń jí. Tó bá jí, á ní: "Ṣé wọ́n ti kà á?" Àwáwù á ní rárá. Á tún sùn. Nígbà míì, Àwáwù á jókòó sẹ́yìn ilé, á máa bú Abọ́dúnrìn pẹ̀lú gbogbo èébú tó mọ̀, tí wọ́n bá sì tán, á rí i pé etí òun wà lójú ọ̀nà, bóyá òun á gbọ́ ọ̀kadà. Èyí ló ń bí i nínú jù.

Ní ọjọ́ kejì ọjà keje, ọ̀kadà kan dúró. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ fo kòtò omi ẹ̀gẹ́ kọjá láìwò ó. Kò gbé bánà. Ó mú àpò ike kan àti ọ̀bẹ tirẹ̀. Kò kí Àwáwù. Ó kí àwọn ìyá, ó fa ẹ̀gẹ́ sọ́dọ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

"Mo gba ìwé lọ́wọ́ Àwáwù, mo gbé e fún ẹni tí kò yẹ," ó wí. Èèpo ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ojo ni mo ṣe. Mo pe ojo náà ní ọ̀wọ̀. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé kí wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n ní ó ti parí. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ náà dára. Wọ́n ní kí n máa lọ ilé. Mo lọ bá Olóyè nígbà mẹ́rin, wọn ò dá ìwé náà padà. Ṣùgbọ́n èyí tí mo tẹ̀ kí wọ́n tó mú bírò ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo tẹ ogójì jáde ní Ìsẹ́yìn. Kò dán. Orúkọ gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀."

Àwáwù ń wo ọwọ́ Abọ́dúnrìn. Kò gé ara rẹ̀.

Àwáwù dìde, ó gba àpò náà, ó yọ ìwé kan. Dúdú àti funfun ni, Abọ́dúnrìn fi okùn tí wọ́n fi ń rán àpò gàrí rán ẹ̀yìn rẹ̀, ìránṣọ náà wọ́. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an. Ó ṣí i sí ojú ewé kànga. "Kì í ṣe Àdìgún ló gbẹ́ kànga."

"Ẹ lọ gbé Ìyá àgbà wá," ni Àwáwù wí.

Wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú àga rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ sí i lọ́wọ́. Wọn ò tíì kà ju ìlà márùn-ún lọ nígbà tí mọ́tò kan dúró, tí Oyèlékè sì sọ̀ kalẹ̀. Aláyin ò tóbi tó láti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́.

"Ta ló fún yín láṣẹ?" ó ké láti ọ̀nà jíjìn. "Ta ló ní kí ẹ máa ba orúkọ bàbá mi jẹ́ nínú ilẹ̀ rẹ̀?"

"Lékè," ni Ìyá Mọ́nsúrù wí. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́ ọ. "Mú ọ̀bẹ."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́—"

"Mú ọ̀bẹ kí o tó sọ̀rọ̀."

Oyèlékè wo àwọn obìnrin náà. Kò sí ẹni tó dìde fún un, kò sí ẹni tó bú u. Àdìjátù ti ẹ̀gẹ́ kan síwájú rẹ̀, ó na ọ̀bẹ sí i. Ọkùnrin náà ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó jókòó tìbínú tìbínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ó mọ̀ ọ́n bó. Ìyẹn ya gbogbo wọn lẹ́nu.

"Àwáwù, ka orúkọ wọn," ni Ìyá Mọ́nsúrù wí.

Àwáwù kà á. Ó rọra ń kà á, bí ẹni ń ka òkúta sínú igbá. Ó ka ẹnìkíní, ó ka ẹnìkejì, títí tó fi dé ẹni tí ilẹ̀ ya lù, bí Ìyá àgbà ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. "Misturat, ìyàwó Àdìgún. Òun ló wà nísàlẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá. Kó tó wọ kòtò, ó sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e fún mi. Lékè ni ọmọ náà ń jẹ́. Ẹ̀yìn mi ló wà nígbà tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ jáde."

Ọ̀bẹ Oyèlékè dúró.

"Bàbá mi ní ibà ló pa á," ó wí.

"Bàbá rẹ kó ọ lọ sí Ṣakí kí o tó mọ̀ ọ́n rìn," ni Ìyá Mọ́nsúrù wí. "Ojú ń tì í ni. Ìyàwó rẹ̀ kú sínú ohun tí òun ò lè gbẹ́. Ó mọ ògiri lé e."

"Mi ò ka ojú ewé yẹn dé ìsàlẹ̀. Mo rí ìlà àkọ́kọ́, mo fi bírò pa á rẹ́." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí oje ẹ̀gẹ́ ti bò. "Mo pa ìyá mi rẹ́."

Ó tẹrí ba, ó parí ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bó o mọ́ tónítóní, ó gbé e sínú ọpọ́n. Ó lọ sídìí mọ́tò, ó mú ìwé ìkọ̀wé Àwáwù wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Kà á tán," ó wí. "Mo fẹ́ gbọ́ àwọn tó kù."

Àwáwù kà á tán. Ìyá Mọ́nsúrù ń tẹ̀ lé e lẹ́nu, orúkọ kan lẹ́yìn èkejì, títí tó fi kan tirẹ̀. Ó béèrè omi mu. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó béèrè ọkà.

Abọ́dúnrìn ti ń palẹ̀ èèpo mọ́. Àwáwù bá a níbẹ̀.

"Inú ṣì ń bí mi," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Ó lè pẹ́ kó tó rọ̀."

"Mo ti gba yàrá mi ní Ìwéré-Ilé padà. Mo máa ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Àwọn obìnrin ìlú Ìlúà ti ní kí n wá gbọ́ tiwọn. Kò ní sí bánà." Ó dúró, ó wò ó. "O ní kí n máa sọ ohun tí mo rí. Mo rí obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́."

Àwáwù wo ọwọ́ rẹ̀. Àpá àtàǹpàkò yẹn wà níbẹ̀, ó ti di ìlà funfun kan. "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló mọ?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ló mọ."

"Ìyẹn, mo gbà á," ó wí.

Lẹ́yìn ìkórè iṣu, àwọn ará Kíṣí dé. Wọ́n kó iṣu wá, mọ́tò kan gbáko. Oyèlékè fúnra rẹ̀ ló jókòó ní ipò bàbá ìyàwó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kànga wà, wọ́n ti ha símẹ́ńtì àtijọ́ kúrò, orúkọ mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀. Ìdòwú, àbúrò bàbá ọkọ, ló dìde láti sọ̀rọ̀. Ó tún fìlà ṣe, ó wú ikọ́.

"A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín," ó bẹ̀rẹ̀, "òdòdó tí ìtànṣán oòrùn—"

Àdìjátù ti na ọ̀bẹ sí i. Ìdòwú wò ó, ó wo ẹ̀gẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ìyá Abọ́dúnrìn, àgbẹ̀ oníṣu tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ Àdìjátù. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tuntun tó wọ̀. Ó mú ẹ̀gẹ́, ó bó o láti orí dé ìdí kí Ìdòwú tó jókòó tán, ó sì mú òmíràn.

"Ọmọ mi fẹ́ ọmọ yín," ó wí. "Mo ti rí i, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, tèmi náà mú. A ò ní pa ara wa."

Ìyá Mọ́nsúrù gbọ́n èèpo kúrò lórí itan rẹ̀, ó sún díẹ̀ kí àyè lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ sún mọ́ mi," ó wí.

Abọ́dúnrìn la ẹnu, ó fẹ́ dúpẹ́. Àwáwù mú ọ̀bẹ kan, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó mú tirẹ̀, ó jókòó tì í.